Ẹ Má Tíì Ṣí Ìlẹ̀kùn Òkè

Láti ọjọ́ tí ìyàwó náà ti wọ ilé ọkọ, kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí. Adúmáadán ló sọ ọ́, nítorí pé ọkùnrin náà dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró nù. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé kò pẹ́ tó fi tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́. Àwọn fítà onírùngbọ̀n tí wọn kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Adúmáadán, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Iléeṣẹ́ ìfọpo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó yìí ni ẹnjiníà tó ń mójú tó ilé gogoro tí wọ́n ti ń ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Adúmáadán ni olórí àwọn fítà, àwọn tó ń tú irin tí wọ́n sì ń dè é. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà ló ń gbé wọn láràárọ̀. Bí wọ́n bá ṣì wà lójú ọ̀nà, Adúmáadán á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ọkọ ṣe ń bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀: "Ìyàwó, ṣé o jẹun kó o tó jáde? Kí ló dé tí ojú ẹ wú báyìí?" Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹnubodè iléeṣẹ́ báyìí, á dìde, á gbé akoto lé orí, á ní, "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o. Ibo lẹ fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ lónìí?"

"Adúmáadán, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń bá mi wí nípa oúnjẹ nísinsìnyí?"

"Èmi kọ́. Èmi ò tíì rí yín láàárọ̀ yìí. Ìyàwó àbúrò mi ni mo fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn."

Ẹ̀fẹ̀ yìí kì í sú wọn.

Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ wa yìí fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí obìnrin náà ti ń jókòó ti Adúmáadán nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé tu síta. Iléeṣẹ́ kan lókè òkun, àwọn tó ń ya àwòrán ilé ìfọpo tuntun, ti ní kó máa bọ̀ wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ohun tó ti ń wù ú láti ilé ìwé ni. Ọkọ rẹ̀ gbà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú tọkọtaya náà, kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún Adúmáadán.

Ó ní ìdí. Òkè òkun ni bàbá tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà lọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń rákò, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀. Adúmáadán, tí irùngbọ̀n ò tíì hù nígbà náà, ló di bàbá ilé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ yàrá kún yàrá, ó ní ọmọ ìyá òun kan kò tún ní fọ́n dànù mọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Yàrá tẹ̀lé yàrá ni ilé náà, gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ ló dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì ni ìyá ọkọ máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ẹni tó lè jáde kí Ìyá má bi í pé, "Ó di ibo?" Kò sí ẹni tó lè wọlé kó má sọ fún un pé, "O pẹ́."

Wọn ò fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ká ní wọ́n fìyà jẹ ẹ́ ni, ì bá rọrùn. Nígbà tó bímọ, Ìyá kò jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù. Nígbà tí ibà dá a wólẹ̀, Adúmáadán ló gbé e dé ilé ìwòsàn, orí àga lásán ló sì sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìyà há mọ́lé lè pariwo kí ará àdúgbò gbọ́. Ẹni tí wọ́n fi oore há mọ́lé, kí ni yóò wí? Ó ti di pé bó bá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àyà rẹ̀ á fún, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, á fọwọ́ ti ògiri, kó tó lè mí dáadáa.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí nígbà tí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ìfọpo náà fún àtúnṣe ńlá.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé bí epo rọ̀bì ṣe ń jáde nínú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bù ú sínú mọ́tò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo rọ̀bì dà bí ìdílé ńlá tí gbogbo wọn sùn sórí ẹní kan: bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀, dísù àti ọ̀dà náà wà nínú rẹ̀. Iná ló ń yà wọ́n. Wọ́n á sè é nínú ìléru títí yóò fi di oru, wọ́n á tú u sínú ilé gogoro onírin tí pẹpẹ irin wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí oru náà bá ṣe ń gòkè ni ara rẹ̀ á máa tutù. Èyí tó wúwo á tètè padà di olómi, á dúró sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ á máa gòkè títí yóò fi dé pẹpẹ tirẹ̀. Wọ́n á wá fa oníkálukú gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti mọ bó ṣe yẹ kí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan gbóná tó, kí dísù má baà ṣìlẹ̀kùn wọ yàrá kẹrosíìnì. Obìnrin yìí mọ ilé gogoro náà bí ẹní mowó.

Kí èèyàn tó lè wọ inú rẹ̀, wọ́n á ti dá epo dúró, wọ́n á ti fi oru omi fọ̀ ọ́, wọ́n á ti jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì ti yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò. Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọn kì í fojú di. Láàárín ilé gogoro náà, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n tò jọ gìrìwò, tó ní ojú wínníwínní. Afárá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ó jọ ti oyin. Epo rọ̀bì ní imí ọjọ́ nínú; tó bá ti ń fara ra irin lọ́dún dé ọdún, á fi ìpẹtà dúdú kan sílẹ̀ nínú Afárá náà. Bí ìpẹtà yìí bá tutù, kò lápá. Bó bá gbẹ, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi rọ́bà omi sílẹ̀ kó máa rọ sórí Afárá láìdáwọ́dúró, títí iṣẹ́ á fi parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Ẹnjiníà àti Adúmáadán gba ìlẹ̀kùn àárín wọlé. Òkè Afárá gẹ́lẹ́ ni ìlẹ̀kùn yìí wà. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà gòkè, láti orí pẹpẹ kan bọ́ sórí èkejì, títí wọ́n fi dé pẹpẹ tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn òkè. Àwo irin ńlá ni ìlẹ̀kùn òkè yìí, bóòtù yí i ká, wọn kò sì tíì tú ọ̀kan nínú rẹ̀. Níta, lẹ́nu ìlẹ̀kùn àárín, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Má-sùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó kó sì máa ṣọ́ àwọn tó wà nínú.

Ihò tí wọ́n ń gbà láti pẹpẹ dé pẹpẹ kò ju ibi tí èjìká lè gbà kọjá. Adúmáadán há ní ọ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó yọ ara rẹ̀.

"Ẹnjiníà," ó ní, "ẹni tó ya àwòrán ilé yìí, ṣé eku ló fẹ́ fún gbé ni?"

"Epo ló yà á fún, Adúmáadán. Epo ò ní ikùn."

"Èmi náà ò ní. Ẹ̀pà lásán ni mò ń jẹ láti oṣù tó kọjá."

Obìnrin náà ń tan iná sára àwọn ọmọrí kéékèèké tó bo ojú pẹpẹ, ó ń fìka tì wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ṣì ń gbéra, nígbà tí òórùn kan kọlù ú nímú bíi ti ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ó rò pé ọkàn òun ló ń ṣe é. Kó tó gbójú sókè, ẹ̀rọ kékeré tó gbé kọ́ àyà, èyí tó máa ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ búburú, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ti Adúmáadán náà gbà á. Ohùn Má-sùn sì jáde nínú rédíò ọwọ́: "Ẹnjiníà, èéfín ń jáde lẹ́nu ihò níbí o. Ẹ máa bọ̀ kíá."

Adúmáadán kọ́kọ́ wọ ihò. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹpẹ méjì, obìnrin náà sì gbọ́ tó ń húkọ́. Nígbà tó padà gòkè, omi ń dà lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Orí ló ń mì. Obìnrin náà tẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Èéfín funfun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti kún àyè tó wà níwájú ìlẹ̀kùn àárín, ó ń rọra gòkè bọ̀ bí omi tó ń kún kànga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn, ẹnì kan mú rọ́bà omi kúrò lórí Afárá kó lè fi fọ nǹkan mìíràn, ó sì ní lọ́kàn láti dá a padà. Ó gbàgbé. Afárá gbẹ, ó sì gbiná.

"Ẹnjiníà." Ohùn ọ̀gá panápaná ló kàn nínú rédíò. "Ẹ má jáyà. Àwọn fítà ti wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn òkè. A ó ṣí i fún yín báyìí."

Lóòótọ́, wọ́n gbọ́ ìró sípánà lára irin, kàn-ń-kàn, lẹ́yìn àwo tó wà níwájú wọn gan-an. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Adúmáadán ni. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lu irin náà, àwọn ará ìta sì lù ú padà. Ó yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

"Ọpẹ́ o," ó ní.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú nípa ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀, èyí tó wà ní ìdí ilé gogoro, tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti àná. Bí ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, tí wọ́n tún wá ṣí tòkè, ilé gogoro á di ààrò. Atẹ́gùn á fà wọlé láti ìsàlẹ̀, á gba inú Afárá kọjá, iná tó ń jó jẹ́jẹ́ á dìde, ọ̀nà tí yóò sì sáré gbà jáde ni ihò tí àwọn méjèèjì máa dúró sí lẹ́nu. Kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn fítà tó wà níta náà á fojú gbà á.

Ó gbé rédíò sẹ́nu. "Ẹ má tíì ṣí ìlẹ̀kùn òkè," ó ní. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹ kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí panápaná gba ìlẹ̀kùn àárín rọ omi sórí Afárá, kí wọ́n rọ ọ́ dáadáa. Ìgbà tí omi bá ti bò ó ni kí ẹ tó wá ṣí tòkè."

Ìró sípánà dáwọ́ dúró.

Adúmáadán wò ó. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò pe obìnrin náà ní ohun mìíràn rí nínú iléeṣẹ́ ju Ẹnjiníà lọ. "Ìyàwó," ó ní, "ṣé orí ẹ pé? Ìlẹ̀kùn rèé. Mo lè fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọn ọmọ mi ló wà níta yẹn. Bí mo bá lu irin yìí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ṣí i. Wọn ò ní bi ìwọ."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì fẹ́ ká jókòó síbí ká máa fín bí ẹja?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ibẹ̀ kò gba ìdúró tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìgbà ló mú kó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti dá ààrò rí," ó ní. "Bí ẹnu rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, tí ẹ wá lu òkè rẹ̀, kí ni iná inú rẹ̀ máa ń ṣe? Ibi tí ẹ fẹ́ ká lù nìyẹn. Àwa la máa jẹ́ igi."

Ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì wà lókè. Ó wo àwo irin náà, ó wo obìnrin náà. Níta, ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀, ohùn náà ń wọlé tín-ín-rín bí ẹni tó wà lódì kejì odò.

"Ó dá ẹ lójú?" ó bi í.

"Ti iná dá mi lójú. Bóyá àwa máa lè dúró pẹ́ tó níbí, ìyẹn ò dá mi lójú."

Ó ṣe díẹ̀ kí Adúmáadán tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó fẹnu ti irin, ó sì kígbe sí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ohun tí Ẹnjiníà bá sọ ni kí wọ́n ṣe, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan bóòtù kí òun tó ní kó fọwọ́ kàn án, òun ni yóò bá a wí. Ó wá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ tirẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó da omi mímu tó wà nínú ìgò rẹ̀ sára àwọn aṣọ náà, wọ́n sì fi wọ́n dí àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ọkùnrin náà wọ́ àwo irin tó jẹ́ ọmọrí ihò tí wọ́n gbà gòkè, ó dé e mọ́ ihò náà. Kò sí bóòtù tí yóò fi dè é, nítorí náà ó jókòó lé e.

Wọ́n dúró.

Kò sí ohun tó burú bí ìdúró yẹn. Irin ló wà lókè orí, irin ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, irin ló yí wọn ká. Pẹpẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òórùn ìṣáná wọ ọ̀fun, ó wọ ojú, ó jókòó sáyà. Obìnrin náà fi imú sí ibi tí àwo ìlẹ̀kùn ti pàdé ògiri, bóyá atẹ́gùn díẹ̀ á gbabẹ̀ wọlé. Kò sí nǹkan kan. Èrò kan ṣoṣo ló ń pòyì lórí rẹ̀, pé bí òun bá kú síbí, ọkọ òun nìkan ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nínú ilé.

"Adúmáadán," ó ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́ ní ṣókí. Èémí ò pọ̀."

"Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ lókè òkun. Ọkọ mi ti mọ̀. A fẹ́ lọ, àwa àtàwọn ọmọ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó húkọ́ títí ó fi tẹ̀ síwájú. "Ìyàwó," ó ní nígbà tó rí ohùn, "gbogbo ọjọ́ tá a fi ń wọkọ̀ pọ̀. Ibi tí mi ò ti lè dìde lọ lo wá rí sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ máà bínú."

"Mo ń bínú. Kò sí ibi tí ẹ ń lọ. Bí a bá jáde níbí, a ó sọ ọ́ nílé, kò sì ní sí ibi tí ẹ ń lọ." Ó fọwọ́ nu ojú. "Bàbá mi náà ní ọdún díẹ̀ ni."

Obìnrin náà rò pé òun ti mọ ibi tó há jù ní ayé, àfi ìgbà tó gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Rédíò sọ̀rọ̀: wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀, omi ń bọ̀. Obìnrin náà yára sọ fún Adúmáadán pé bí omi bá kan Afárá tó gbóná, oru á dìde, á le, kó kúrò lórí àwo náà.

"Bí mo bá kúrò, ta ni yóò dì í mú?"

Ìró náà dé láti ìsàlẹ̀, ó dà bí ẹni tó da omi sínú agbada epo tó ń hó. Àwo irin náà gbéra lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà nà gbalaja lé e, ó fi ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ta ògiri. Oru ń yọ ní etí àwo náà yí ara rẹ̀ ká. Obìnrin náà di apá rẹ̀ mú, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó gbọ́ tó ń ka nǹkan kan lábẹ́ ohùn, ó sì wá yé e pé orúkọ àwọn ọmọ ilé ló ń kà, láti orí àgbà dé orí èyí tó kéré jù. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìró ìsàlẹ̀ rọlẹ̀, tó di ti òjò lásán. Ọ̀gá panápaná ní Afárá ti rin gbingbin. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa rọ ọ́ lọ, kí wọ́n má dáwọ́ dúró, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn báyìí," ó ní. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó lu irin lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn òkè ṣí, oòrùn ọ̀sán ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin náà kò lè dìde. Wọ́n fà á jáde bí ẹni fa àpò. Nígbà tí wọ́n fa Adúmáadán, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ṣí i.

Ikùn ló fi sùn nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyá kúrò lórí àga ẹnu ọ̀nà, ó lọ jókòó tì í níbẹ̀. Ìyàwó náà máa ń lọ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́; wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa egbò, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, kò sì sí ẹni tó dárúkọ òkè òkun. Àwọn ará òkè òkun ń béèrè ìdáhùn. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i. Ó bá àwọn tó kù tún ilé gogoro náà ṣe, wọ́n kó Afárá tó jó jáde, wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé ká gbàgbé ẹ̀ ni?" Ó ní òun ò mọ̀.

Ìgbà tí Adúmáadán délé ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà kò lè sùn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn, òógùn á bò ó, á dìde, á ní òórùn ìṣáná ń run òun. Wọ́n ṣí fèrèsé, kò tó. Ó mú sípánà àti ìtúdè rẹ̀, ó tú ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kúrò lára férémù, ó gbé e ti ògiri. Ìyẹn náà kò tó. Ó wá di pé orí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ló ń sùn. Bó bá ń la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wàràwàrà ni, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, obìnrin náà ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn ní àgbàlá, Adúmáadán sì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní. "Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan, má purọ́ fún mi. Mo rí ẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá. O dúró, o fọwọ́ ti ògiri, o ń wá èémí. Mo rò pé nítorí ilé irin yẹn ni. Àbúrò mi ní rárá, pé ó ti pẹ́ tó o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn. "Ó ti pẹ́."

"Bó ṣe ń ṣe mí yìí náà ni?"

"Kì í ṣe lójoojúmọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí."

Ọkùnrin náà wo ilé tó kọ́, láti yàrá àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. "O ò sì wí."

"Kí ni ǹ bá wí, Adúmáadán? Oore lẹ ṣe mí. Ta ni mo fẹ́ lọ fi oore sùn?"

Adúmáadán dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Obìnrin náà gbé agbọ̀n aṣọ wọlé, ó rò pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbọ́ tí Adúmáadán àti Ìyá ń fa ọ̀rọ̀ ní ìta. Ohùn Ìyá lọ sókè, ó ní kí wọ́n kúkú pa òun kí wọ́n tó lọ. Ohùn Adúmáadán kò lọ sókè rárá. "Ìyá," ó ní, "èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n lọ báyìí. Ẹ bínú sí mi."

Ìyá bínú sí i lóòótọ́. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dáná sí ìléru padà, tí epo rọ̀bì tún gun ilé gogoro, tí ìyàwó náà rí i pé pẹpẹ kọ̀ọ̀kan gbóná bó ṣe yẹ, tó sì fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá gbé àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀, kò sì fẹ́ sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ náà ló rọra gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ń sunkún.

Ibi tí wọ́n lọ, àjà òkè pátápátá ni wọ́n fún wọn ní ilé. Àtẹ̀gùn ni obìnrin náà ń gbà, kì í wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, àwọn alábàágbé sì rò pé ó fẹ́ fọn ni. Kò sí ẹni tó ń bi í níbẹ̀ pé ibo ló ń lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìyẹn dùn mọ́ ọn, àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò dùn mọ́ ọn rárá.

Adúmáadán máa ń pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ti gbé e lọ sí pápá tí wọ́n ti ń to páìpù, ìta gbangba ni, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Lọ́jọ́ kan ó ní òun àti Ìyá ti parí ìjà, àti pé Ìyá ń fẹ́ rí àwọn ọmọ.

"Ẹ kó ara yín máa bọ̀," ìyàwó náà ní. "Ẹ̀yin méjèèjì."

"Ọkọ̀ òfuurufú kọ́," ó ní. "Wọ́n ní fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Bá mi wádìí ti ọkọ̀ ojú omi. Bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn sùn síta."

Obìnrin náà ní òun á bi wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, ó fa àwòrán tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi.